Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Nínú Ẹ̀dà 127 Tó Wà Nínú Echoes of Wisdom, Èwo Ló Yẹ Kí Ó Wà Nítòsí Ọwọ́?

Lẹ́tà mẹ́rin ni a mú fún ti oṣù yìí, gbogbo wọn ló sì dá lórí géèmù kan ṣoṣo, ìyẹn The Legend of Zelda: Echoes of Wisdom, tí Nintendo gbé jáde fún ẹ̀rọ Switch ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024. Fún ẹni tí kò tíì fọwọ́ kàn án rí, Zelda ọmọ ọba fúnra rẹ̀ ni a ń darí níbẹ̀, kì í ṣe Link tó máa ń gbé idà káàkiri nínú àwọn géèmù ìṣáájú. Iwin kékeré kan tí ń jẹ́ Tri ló fún un ní ọ̀pá, ọ̀pá yìí ni ó sì fi ń ṣe ẹ̀dà ohun tó bá bá pàdé: tábìlì, ibùsùn, àpáta, tàbí abàmì ẹranko tí ó bá ti ṣẹ́gun. Ohun tó ń pààlà sí agbára yìí ni àwọn àmì onígun mẹ́ta tó wà ní ìrù Tri. Ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan ní iye àmì tí ó ń gbà, bí àmì bá sì tán, èyí tí a kọ́kọ́ pè ni yóò pòórá kí tuntun tó lè dúró.

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Mo ti gba ẹ̀dà tó lé ní ogójì, ṣùgbọ́n bí ìjà bá dé, tàbí tí mo bá dé ẹsẹ̀ òkè kan, ńṣe ni mo máa ń yí àtòjọ náà síwá sẹ́yìn títí ọ̀tá á fi bá mi níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, èwo gan-an ló wúlò jù nínú wọn, kí n lè gbàgbé ìyókù? Ẹni tí àtòjọ sú ni mo jẹ́.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ má kúkú gbàgbé ìyókù pátápátá, nítorí pé àwọn ibì kan wà tí ẹ̀dà tí ẹ kò kà sí ni yóò yọ yín, ṣùgbọ́n òótọ́ ni pé ẹ̀dà mẹ́fà tàbí méje ni yóò ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àṣìṣe tí èmi náà ṣe ni pé mo ń fi agbára yan ẹ̀dà, bí ẹni tí ń yan ajá ọdẹ. Bí ẹ bá fara balẹ̀ wo bí ẹ ṣe ń lo wákàtí yín nínú géèmù yìí, ẹ ó rí i pé ìjà kéré níbẹ̀: gígun òkè, líla ihò kọjá, àti wíwá bí a ó ṣe dé orí òrùlé tí àpótí kan jókòó lé ni wọ́n ń jẹ àkókò. Nítorí náà, kí ẹ tó ṣí àtòjọ rárá, ẹ bi ara yín pé iṣẹ́ wo ló wà níwájú, àti pé àmì mélòó ló wà ní ìrù Tri.

Ibùsùn ògbólógbòó ni mo fi ṣáájú. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Àmì kan péré ni ó ń gbà, ó gùn débi pé ó lè dúbúlẹ̀ lórí ihò tóóró bí afárá, ó fẹ̀ débi pé Zelda lè dúró lórí rẹ̀ láìṣubú, bí ó bá sì rẹ̀ yín, ẹ lè sùn lé e kí ẹ̀jẹ̀ yín máa padà díẹ̀díẹ̀. Kò sí ẹ̀dà mìíràn tí ó ń ṣe iṣẹ́ mẹ́ta ní iye tó kéré tó bẹ́ẹ̀. Tábìlì náà ń gba àmì kan, ṣùgbọ́n tábìlì kò ṣe é sùn lé, n kò sì rí ìdí tí ẹni tó ní ibùsùn yóò tún fi máa wá a kiri.

Ibùsùn ní ààlà tirẹ̀, mo sì fi ojú ara mi rí i. Nígbà tí Tri ṣì ní àmì mẹ́ta péré, mo fẹ́ dé orí ògiri kan tí ó ga tó ibùsùn mẹ́rin. Mo to mẹ́ta lé ara wọn, mo gun orí wọn, inú mi ń dùn, mo bá pe ẹ̀kẹrin. Kíá ni ibùsùn ìsàlẹ̀ pátápátá pòórá, gbogbo ohun tí mo tò jọ wá sílẹ̀ ní ìwọ̀n ibùsùn kan, èmi náà sì padà sí ibi gíga tí mo wà tẹ́lẹ̀. Mo tún gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí n tó gbà pé iye àmì tí mo ní ni gíga tí mo lè dé. Ohun tí a bá ń tò lé ara wọn láti ilẹ̀ nílò ìpìlẹ̀ rẹ̀, ìpìlẹ̀ yìí gan-an ni Tri sì máa ń kọ́kọ́ mú lọ.

Ìdí nìyẹn tí ẹ̀dà kejì mi fi jẹ́ omi onígun mẹ́rin, èyí tí ẹ ó rí ní agbègbè Jabul, níbi tí àwọn Zora, ẹ̀yà tí ń gbé inú omi, wà. Omi yìí dúró gẹ́gẹ́ bí àpótí láìsí ohun tó gbà á mọ́ra, Zelda sì lè lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀. Ẹ gbé ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ẹ wọ inú rẹ̀, ẹ lúwẹ̀ẹ́ dé òkè rẹ̀, ẹ gbé òmíràn lé e, ẹ tún lúwẹ̀ẹ́ bọ́ sínú ìyẹn. Nígbà tí ti ìsàlẹ̀ bá pòórá, kò pa yín lára, nítorí pé ẹ kò tẹ ẹsẹ̀ lé e mọ́. Inú ti òkè ni ẹ wà. Ohun tó jẹ́ àléébù fún ibùsùn ti di ohun tí kò já mọ́ nǹkan kan fún omi. Láti ọjọ́ tí mo ti gbà á, ìwọ̀nba òkè díẹ̀ ni mo tún rí nínú géèmù náà tí ó dí mi lọ́nà, mo sì gbà pé ẹ̀dà kan ṣoṣo yìí yí géèmù náà padà ju abàmì èyíkéyìí lọ.

Ẹ̀kẹta ni Crawltula, aláǹtakùn tí ń gun ògiri. Bí ẹ bá kọjú rẹ̀ sí ògiri tí ẹ sì pè é, yóò máa gun ún lọ tààrà. Níbí ni ẹ ó ti lo agbára kejì tí Tri fún Zelda, ìyẹn sísopọ̀ mọ́ nǹkan. Sísopọ̀ yìí pín sí ọ̀nà méjì: nínú ọ̀kan, Zelda ló ń fa nǹkan náà káàkiri, nínú èkejì, nǹkan náà ló ń fa Zelda. Ọ̀nà kejì yìí ni kí ẹ lò fún aláǹtakùn, yóò sì gbé yín dé òkè láìsí pé ẹ ń to ohunkóhun. Ó yára ju omi lọ bí ògiri bá jẹ́ pẹrẹsẹ, ṣùgbọ́n bí ògiri náà bá ní ètè tí ó yọ síta lókè, yóò há síbẹ̀, ẹ ó sì padà sí omi. Mo máa ń mú àwọn méjèèjì dání.

Fún ihò gbígbòòrò, pákó ilẹ̀ tí ń fò ni kí ẹ wá. Iwájú tààrà ni ó máa ń fò lọ, nítorí náà ẹ rí i dájú pé ẹ kọjú sí ibi tí ẹ ń lọ kí ẹ tó pè é. Mo ti gun un lọ sínú ọ̀gbun nígbà tí mo pè é pẹ̀lú ìkánjú. Fún ohun tó nílò iná, bíi àtùpà tí a fẹ́ tàn tàbí ẹ̀gún tó dí ọ̀nà, Ignizol, abàmì kékeré tí iná ń jó lára rẹ̀, ti tó, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe pè é láàárín koríko tí ẹ̀yin náà dúró sí, nítorí pé iná kò mọ olówó rẹ̀. Fún ògiri tó ti sán, Bombfish, ẹja tí ń bú gbàmù. Fún iyanrìn tí nǹkan wà lábẹ́ rẹ̀, Holmill, tí ń gbẹ́ ilẹ̀. Àwọn mẹ́ta wọ̀nyí, ẹ kò ní máa lò wọ́n lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí iṣẹ́ wọn bá dé, kò sí arọ́pò tó dára tó wọn.

Abàmì jagunjagun kan ló kù tí mo fẹ́ kí ẹ fi kún un, lẹ́tà tó tẹ̀ lé e sì ni yóò jẹ́ kí a sọ̀rọ̀ rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ jọ̀wọ́, olóòtú, mo nílò ìrànlọ́wọ́ nípa ìjà. Ọ̀rẹ́ mi kan sọ pé Lynel, abàmì ńlá olórí kìnnìún nì, ló lágbára jù, mo sì wá a títí mo fi rí i. Ó lágbára lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń gba àmì mi débi pé n kò lè pe nǹkan mìíràn mọ́. Bí ó bá sì kú, ọwọ́ mi ṣófo. Àwọn ẹ̀dà kéékèèké náà kò ṣe mí láǹfààní, nítorí pé ńṣe ni wọ́n máa ń rìn kiri bí ẹni tí kò gbọ́ pé ìjà ń lọ. Kí ni mo ń ṣe tí kò tọ́?

ÌDÁHÙN: Mo rò pé ẹ ti dáhùn ìdajì ìbéèrè yín fúnra yín nígbà tí ẹ sọ pé ọwọ́ yín ṣófo. Ẹ̀dà tó bá gba gbogbo ìrù Tri ti gba ibùsùn yín, ó ti gba ìdènà yín, ó ti gba èyí tí ẹ ìbá fi tan ọ̀tá jẹ. Ní ibi tí àyè ti gbòòrò, tí ọ̀tá sì pọ̀, mo gbà pé kí ẹ pe Lynel kí ẹ sì dúró sẹ́yìn rẹ̀. Ní ibòmíràn, Peahat ni èmi máa ń pè. Ewéko abàmì ni, abẹ yí i ká, ó sì máa ń yí bíríbírí gba inú ọ̀tá kọjá, tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan náà ni ó máa ń gé wọn léraléra. Ó ń gba àmì tó kéré sí ti Lynel, bí Tri bá sì ṣe ń dàgbà sí i, iye tí àwọn ẹ̀dà kan ń gbà máa ń dínkù, nítorí náà ẹ má ṣe fi iye tí ẹ bá lónìí ṣe ìdájọ́ ẹ̀dà kan títí láé.

Ní ti pé wọ́n ń rìn kiri, ẹ kò tíì sọ fún wọn ẹni tí wọn yóò bá jà ni. Ẹ tẹ bọ́tìnnì tí a fi ń tẹjú mọ́ ọ̀tá kan, ẹ má sì jẹ́ kí ó bọ́ lọ́wọ́ yín. Àwọn ẹ̀dà yín yóò kọjú sí ẹni tí ẹ tẹjú mọ́. Ibi tí ẹ ti pè wọ́n náà ṣe pàtàkì. Ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń pè wọ́n sí ìdí ara wa nítorí ìbẹ̀rù, wọn yóò wá fi ìṣẹ́jú àáyá iyebíye rìn dé ibi ìjà. Ẹ sún mọ́ ọn díẹ̀, ẹ pè é sí ẹ̀yìn ọ̀tá náà bí ó bá ṣeé ṣe, kí ẹ sì yára kúrò níbẹ̀.

Nígbà tí wọ́n bá ń jà, ẹ̀yin náà kò gbọ́dọ̀ jókòó lásán. Ẹ lè so ara yín mọ́ ọ̀tá náà kí ẹ dì í mú, tàbí kí ẹ fà á kúrò níbi tí ara ti rọ̀ ọ́. Tàbí kẹ̀, bí ẹ̀jẹ̀ yín bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ẹ gbé ibùsùn sí igun yàrá kí ẹ sùn. Mo mọ̀ pé ó dà bí ìwà ọ̀lẹ. Mo ti sùn bẹ́ẹ̀ nígbà tí Peahat ń yí lórí ilẹ̀ ní ìwọ̀n ìṣísẹ̀ mẹ́ta sí orí mi, ọ̀tá kan ṣoṣo tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ló sì jí mi pẹ̀lú ìgbájú. Ẹ wo igun tí ẹ ń yàn dáadáa.

Ohun mìíràn tí ó máa ń ba àwọn ènìyàn jẹ́ ni pé wọ́n ń gbé ẹ̀dà kan náà lọ síbi gbogbo. Jagunjagun orí ilẹ̀ kò wúlò lábẹ́ omi, iná pàápàá kì í pẹ́ kú níbẹ̀. Ní abẹ́ omi, Chompfin, ẹja eléyín ńláńlá nì, ni kí ẹ máa pè. Beamos ní tirẹ̀ kì í rìn, ojú kan ni ó máa ń dúró sí tí yóò máa fi ìtànṣán sun ọ̀tá, èyí tí ó mú kí ó dára lẹ́nu ọ̀nà tóóró ju pápá gbalasa lọ.

Ìparadà sí jagunjagun, nígbà tí Zelda bá mú idà fúnra rẹ̀, ní agbára tó níwọ̀n, tí ó sì ń tán bí ẹ bá ti ń lò ó. Ẹ má ṣe ná an sórí àwọn ọ̀tá ojú ọ̀nà. Ẹ tọ́jú rẹ̀ de àwọn ọ̀gá abàmì, àní de àkókò tí ibi tó ṣeé lù lára wọn bá ṣí sílẹ̀, kí ẹ sì parí rẹ̀ lẹ́yìn náà ní kíá.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú làálàá. Ọmọkùnrin mi ọmọ ọdún mẹ́wàá ni ó ń gbá géèmù yìí, mo sì máa ń jókòó tì í. Gbogbo ìṣòro tí ó bá dé iwájú rẹ̀, ibùsùn ni ó fi ń yanjú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ìrẹ́jẹ ni, pé ó yẹ kí ó wá ọ̀nà tí àwọn tó ṣe géèmù náà fẹ́. Ta ni kí n dá láre?

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, àbúrò ni kí ẹ dá láre. Nínú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tí Nintendo ṣe pẹ̀lú àwọn tó kọ géèmù náà, tí Eiji Aonuma tó jẹ́ alábòójútó rẹ̀ àti Tomomi Sano tó wà lára àwọn olùdarí rẹ̀ kópa nínú rẹ̀, wọ́n ṣàlàyé pé ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń gbìyànjú ni géèmù tí ènìyàn yóò ti máa da nǹkan kọ, tí yóò máa fi ṣe àgbékalẹ̀ ihò abẹ́lẹ̀ tirẹ̀. Nígbà tó yá ni wọ́n rí i pé ó dùn jù bí a bá mú dída nǹkan kọ yẹn jáde láti ibẹ̀, kí ẹni tó ń gbá a máa lò ó bí irinṣẹ́ káàkiri ayé géèmù náà. Wọ́n tún sọ pé wọ́n fẹ́ kí ìwà ìpáǹle kékeré wà nínú rẹ̀, kí ènìyàn lè fi nǹkan ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò rò. Ọmọ tó fi ibùsùn gun òrùlé ń ṣe ohun tí wọ́n fẹ́ gan-an.

Ohun tí mo lè sọ fún ẹ̀gbọ́n láti fi tù ú nínú ni pé àbúrò rẹ̀ yóò dé ibi tí ibùsùn kò ní tó mọ́, nítorí iye àmì tí mo ti sọ lókè. Kí ẹ̀gbọ́n dákẹ́ títí di ọjọ́ náà, kí ó má sì sọ fún un nípa omi.

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ìbéèrè kékeré ni tèmi. Ṣé ọ̀nà kankan wà láti to àwọn ẹ̀dà tí mo fẹ́ràn sí iwájú?

ÌDÁHÙN: Kò sí àyè láti fi ọwọ́ ara yín yan àyànfẹ́, àléébù tó sì tóbi jù tí mo rí nínú géèmù náà nìyẹn, nítorí pé ẹni tó bá ti kó ẹ̀dà tó pọ̀ jọ yóò máa yí ìlà kan ṣoṣo tí kò lópin. Ohun tó wà ni ọ̀nà márùn-ún tí a lè gbà to ìlà náà: èyí tí ẹ lò kẹ́yìn, èyí tí ẹ lò jù, èyí tí ẹ gbà kẹ́yìn, iye àmì tí ó ń gbà, àti irú ohun tí ó jẹ́.

Bí ẹ bá ń rìn kiri nínú ayé, ẹ fi í sí èyí tí ẹ lò jù. Láìpẹ́, ibùsùn, omi àti aláǹtakùn yóò máa dá dúró sí iwájú láìjẹ́ pé ẹ wá wọn. Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ agbègbè tuntun, ẹ yí i sí èyí tí ẹ gbà kẹ́yìn, nítorí pé ohun tí ẹ rí ní àyíká náà ni ó sábà máa ń ṣí àdììtú àyíká náà. Ti ọ̀gá abàmì ló ní ọgbọ́n díẹ̀ nínú: ẹ fi í sí èyí tí ẹ lò kẹ́yìn, kí ẹ sì dúró sí ìta ilẹ̀kùn rẹ̀, kí ẹ pe ibùsùn, kí ẹ pe jagunjagun yín, kí ẹ pe ẹ̀dà kẹta tí ẹ bá rò pé ẹ ó nílò, lẹ́yìn náà kí ẹ lé gbogbo wọn dànù. Nígbà tí ẹ bá wọlé tí ẹ sì ṣí àtòjọ, àwọn mẹ́ta yẹn ni ẹ ó bá ní iwájú pátápátá.